Lámbò ti Arò: Oníṣègùn tó sọ abúlé di ilé ìwòsàn

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, yóò kọjá ní Ìfọ̀, yóò kọjá ní Wásinmi, kó tó dé Arò ní ẹnu ọ̀nà ìlú Ẹ̀gbá. Orúkọ méjì yìí, Wásinmi àti Arò, kì í dún bákan náà létí ọmọ Yorùbá. Ti Wásinmi kò ní ìtumọ̀ méjì: ẹni tó ti rìn títí tó ti rẹ̀ ni wọ́n ń pè pé kó wá jókòó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ Arò, ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á gbọn jìnnìjìnnì. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tí kò bára mu láàárín ọ̀rẹ́, kíá ni wọ́n á ní Arò ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi Arò ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀ ni pé ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Yúróòpù ń wọkọ̀ òfurufú wá síbẹ̀ láti wá kọ́ṣẹ́. Ọmọ bíbí Abẹ́òkúta kan ló fa gbogbo rẹ̀. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò.

Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Ọdún náà gan-an ni àwọn onítẹ̀bọmi dá ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School sílẹ̀ nínú ìlú náà, ibẹ̀ ló sì ti kàwé láti 1935 sí 1940. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti M.K.O. Abíọ́lá gbà kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, Lámbò tẹ̀ síwájú lọ sí Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ibẹ̀ ló ti gbé Dinah Violet Adams níyàwó lọ́dún 1945. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí. Ó gboyè oníṣègùn lọ́dún 1948, ó padà wálé, ìjọba amúnisìn sì gbà á síṣẹ́ dókítà, ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Zaria àti ní Gusau. Lẹ́yìn náà ló tún padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ mọ̀ nípa àrùn ọpọlọ ní pàtàkì. Ìgbà yẹn, ọmọ adúláwọ̀ tó ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ lọ.

Kí èèyàn tó lè mọ rírì ohun tó ṣe, ó yẹ kó mọ irú ayé tí aláàárẹ̀ ọpọlọ ń gbé nígbà náà. Ní Nàìjíríà, ilé méjì tí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ kọ́ fún wọn, èyí tó wà ní Calabar àti èyí tó wà ní Yábàá, tí wọ́n ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò yàtọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá ń da ìgboro rú ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Kì í ṣe torí kí ó lè sàn, torí kí ìgboro lè rójú ni. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn sójà tí orí wọn ti dàrú lójú ogun ń padà bọ̀, ìjọba wá ibi tí yóò kó wọn sí. Lọ́dún 1944, wọ́n rí i: ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan tó wà ní Lántòrò, Abẹ́òkúta. Àwọn ọkùnrin tó lọ jà fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà sínú ilé tí wọ́n ti ń ti olè mọ́lé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń hùwà báyìí, kó bojú wo Jámánì. Lọ́dún 1940 tí Lámbò jáde ní Baptist Boys', àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Hitler jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń fi gègé sàmì sí orúkọ àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọn yóò fi gáàsì pa. Kí oṣù kẹjọ ọdún 1941 tó parí, ẹ̀mí tó bá ètò yẹn lọ ti lé ní 70,000. Oníṣègùn tó kàwé ni àwọn tó ṣe é. Nígbà tí ìjọba yẹn wó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá iṣẹ́ wọn lọ lábẹ́ ìjọba tó tẹ̀ lé e, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni pé dókítà ọpọlọ lè bá ìjọba èyíkéyìí ṣiṣẹ́, ohun tó ń ṣe fún aláìsàn níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó ń dúró de Lámbò. Lọ́dún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí J.C. Carothers kọ, dókítà òyìnbó tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn ọpọlọ Mathari ní Nairobi. Carothers ní ọmọ adúláwọ̀ kì í lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀ dáadáa. Nínú iṣẹ́ tó ti kọ ṣáájú, ó fi adúláwọ̀ tó ṣì gbádùn wé òyìnbó tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé apá iwájú ọpọlọ rẹ̀ kúrò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárín ilé lásán lèyí. Ìjọba amúnisìn Kenya ní kó wá ṣàlàyé ìdí tí àwọn Kikuyu fi ń bá òyìnbó jà nínú ogun Mau Mau, ó sì kọ ọ́ lọ́dún 1954 bí ẹni pé àìsàn ló ń ṣe wọ́n, bí ẹni pé kì í ṣe ilẹ̀ wọn tí wọ́n gbà ni wọ́n ń bínú sí.

Ọdún 1954 yẹn náà ni Lámbò gba ipò olórí ilé ìwòsàn Arò. Kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Ìjọba ti ń kọ́ ilé ìwòsàn náà tipẹ́tipẹ́, iṣẹ́ sì ń falẹ̀. Ẹlòmíràn tó bá bára rẹ̀ nírú ipò yẹn lè jókòó kó máa retí bíríkì àti bẹ́ẹ̀dì. Lámbò kò jókòó. Ó jáde lọ bá àwọn baálẹ̀ àti àgbà àwọn abúlé tó yí Arò ká, ó bá wọn sọ̀rọ̀: ẹ gba àwọn aláìsàn mi sílé yín.

Ó yẹ kí èèyàn dúró díẹ̀ kó ro ohun tó ń béèrè yìí. Abúlé Ẹ̀gbá ni, níbi tí kálukú ti ní ìyàwó àti ọmọ nílé, wọ́n ní kí wọ́n fi yàrá ṣílẹ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú láti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n Lámbò ò ní kí wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní kí aláìsàn dá wá. Àdéhùn náà ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹbí rẹ̀ kan dání ó kéré tán, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyàwó, ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa bá a fọṣọ, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Wọ́n ń san owó ilé fún onílé. Ìjọba yá àwọn ará abúlé lówó láti tún ilé wọn ṣe àti láti fẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣètò omi àti ṣáláńgá, wọ́n ń gbógun ti ẹ̀fọn, nọ́ọ̀sì sì ń yí ká láti ilé dé ilé. Láìpẹ́, èrè ń bọ̀ sọ́wọ́ abúlé látara aláìsàn tí wọ́n ń sá fún tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú òyìnbó ní ilé ìwòsàn: oògùn, abẹ́rẹ́, àti fún àwọn mìíràn, iná mànàmáná tí wọ́n ń fi sí orí nígbà náà. Lọ́sàn-án, á padà sí abúlé. Bó bá lè roko, á bá wọn lọ sóko. Bí ayẹyẹ bá wà, á jókòó níbẹ̀. Bí ọjà bá ná, ẹbí rẹ̀ á mú un lọ. Kò sí ògiri, kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sá, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ jókòó tì kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ibi tó ń sá lọ. Ohun tí Lámbò rí, tí àwọn tó kọ́ ọ níwèé ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí, ni pé aláìsàn Yorùbá tí wọ́n bá yà nípá kúrò lára ẹbí rẹ̀ ti gba àìsàn kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Nígbà tó bá sì máa fi padà délé lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, àyè rẹ̀ ti dí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lábúlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kò kúrò láyé èèyàn rárá.

Ohun tó fa àríyànjiyàn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ti àwọn onísègùn ìbílẹ̀. Lámbò pe àwọn onísègùn Yorùbá wá bá a ṣiṣẹ́ ní Arò. Àwọn dókítà kan láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ń ta iṣẹ́ wọn lọ́pọ̀, àwọn onígbàgbọ́ mìíràn sì ń wo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ó ń padà sídìí òrìṣà. Òun kò sọ pé kí wọ́n máa da oògùn pọ̀. Iṣẹ́ tó gbé fún wọn ni èyí tí wọ́n mọ̀: kí wọ́n bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n bójú tó ẹ̀rù ayé, epè, ìwà ọ̀tá àti àlá tó ń da ọkàn rẹ̀ láàmú, àwọn ọ̀rọ̀ tí dókítà tó ti òkèèrè dé kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bi í. Kò sì pẹ́ tí àwọn òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó wá ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ̀wé lọ́dún 1960 nípa bí àwọn onísègùn Nàìjíríà ṣe ń lo egbò igi tí Yorùbá ń pè ní asofẹ́yẹjẹ fún wèrè. Igi yìí àti èyí tí àwọn ilé oògùn Yúróòpù ń kó láti Íńdíà láti ṣe oògùn ọpọlọ tuntun nígbà náà, ẹbí kan náà ni wọ́n. Àwọn babaláwo wa ti ń gún un lódó kí wọ́n tó fi í sínú ìgò.

Nígbà yẹn kan náà, ìjọba rán Lámbò lọ sí Bìrìtìkó láti wádìí ìdí tí orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan fi ń dàrú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìnira ni, torí ọ̀pọ̀ ẹbí ló ti ta ilẹ̀ tàbí kókó kí ọmọ kan lè lọ di lọ́yà. Ìrètí ìlú tí wọ́n gbé lé ọmọ náà lórí, òtútù, ìdánìkanwà, àti ẹ̀rù pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo, gbogbo rẹ̀ ló rí nínú wọn.

Òmìnira dé lọ́dún 1960. Lóṣù kọkànlá ọdún 1961, Lámbò pe ìpàdé àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà ṣe, Abẹ́òkúta sì ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù tàbí Parisi. Ọdún yẹn náà ni òun àti Alexander Leighton, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà láti Yunifásítì Cornell, kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, tí wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé nílẹ̀ Ẹ̀gbá láti mọ iye èèyàn tí ìpòrúurùu ọkàn ń bá jà. Ìwé tí wọ́n kọ jáde lọ́dún 1963. Ohun tó wà níbẹ̀ fọ́ ọ̀rọ̀ Carothers túútúú: ìbànújẹ́ ọkàn, àníyàn, ẹ̀rù, gbogbo ohun tí wọ́n ní adúláwọ̀ kì í ní, wọ́n bá a lábúlé Yorùbá bí wọ́n ṣe bá a lábúlé òyìnbó.

Lọ́dún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn sọ Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àrùn ọpọlọ lé e lọ́wọ́. Tọ́lání Àṣúní ló gba Arò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìlú tí ìjọba ti yí padà lójú àwọn ará ibẹ̀ bíi Ìbàdàn nígbà náà. Wọ́n ti kéde ìṣèjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1962, wọ́n ti sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n, ìbò ọdún 1965 sì dá rògbòdìyàn wẹtíẹ̀ sílẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 1966, sójà pa Akíntọ́lá nínú ìlú náà. Lóṣù keje, wọ́n tún mú Ọ̀gágun Ironsi àti Adékúnlé Fájuyì níbẹ̀ lọ pa. Láàárín gbogbo èyí, Lámbò ni olórí àwọn olùkọ́ ìṣègùn láti 1966 sí 1968. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike tó jẹ́ gíwá yunifásítì ti kúrò nípò ní 1966, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìgbò sì ti padà sí ìlà oòrùn. Ọdún 1968, tí ogun abẹ́lé ń jó lala, ni wọ́n fi Lámbò jẹ gíwá.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tu ọkàn kan ṣoṣo lára lè máà mọ bí wọ́n ṣe ń tu ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìjọba ológun Gowon ni ó ń bá ṣiṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ogun ti sọ di aláìnísùúrù ni ó ń bójú tó. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn, àwọn ọlọ́pàá tó wọ inú ọgbà yìnbọn, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù. Kò sí irú rẹ̀ rí ní yunifásítì náà. Ìbínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì dúró lórí ọlọ́pàá nìkan, ó kan àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Orúkọ Adépéjù ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ ìtàn Lámbò kó fo ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin tó ti wó ògiri ilé wèrè rí i pé ìbọn wọ inú ọgbà tí òun ń darí. Ọdún yẹn náà ló fi ipò náà sílẹ̀.

Jẹnífà ló gbà lọ, sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn igbákejì tó wà lábẹ́ ọ̀gá àgbà. Lọ́dún 1973 ló di igbákejì ọ̀gá àgbà pátápátá, ipò tó wà títí di 1988. Àjọ yìí kan náà ló tẹ ìwé Carothers jáde ní ogún ọdún ṣáájú. Nígbà tó wà níbẹ̀ ni àjọ náà ń ṣe ìwádìí nípa irú wèrè tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Ìbàdàn sì wà lára ibùdó tí wọ́n lò. Èsì rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: àwọn aláìsàn tó wà ní Nàìjíríà àti Íńdíà ń gbádùn ju àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè olówó lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, níbi ìpàdé Alma-Ata, àjọ náà fẹnu kò pé kí ìtọ́jú ìlera wà lẹ́bàá ilé àwọn èèyàn, kí wọ́n sì fàyè gba àwọn onísègùn ìbílẹ̀ àti agbẹ̀bí níbi tó bá yẹ. Ẹni tó bá ti rí Arò rí mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ti kọ́kọ́ di iṣẹ́. Nílé, Olíkóyè Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn, ló fi ètò náà múlẹ̀ nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985.

Láti Jẹnífà ni Lámbò ti ń gbọ́ bí ìjọba ṣe ń yí padà nílé: Gowon lọ, Murtala kú, Ọbásanjọ́ gbéjọba fún Shagari, Buhari gbà á lọ́wọ́ Shagari, Babangida gbà á lọ́wọ́ Buhari. Òyìnbó fún un lóyè OBE lọ́dún 1962, ìjọba Nàìjíríà sì fún un ní ẹ̀bùn ìmọ̀ tó ga jùlọ lọ́dún 1979. Ó padà wálé lẹ́yìn 1988, ó sì kú lóṣù kẹta ọdún 2004.

Ètò abúlé Arò kò lágbára mọ́ bíi ti ìgbà tirẹ̀. Abẹ́òkúta ti fẹ̀, oko ti di ilé, ẹbí tó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láti jókòó ti aláìsàn sì ti ṣọ̀wọ́n. Ohun kan tún wà tí Lámbò kò rí yí padà lábẹ́ ìjọba kankan tó bá ṣiṣẹ́, ti òyìnbó, ti òṣèlú tàbí ti ológun. Òfin wèrè tí àwọn amúnisìn ṣe lọ́dún 1916, èyí tó fún adájọ́ lágbára láti ti aláìsàn mọ́lé, ló ṣì wà nílẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, nígbà tí wọ́n sin ín. Lọ́dún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ibùdó 28 kiri Nàìjíríà, ti ìjọba, ti onígbàgbọ́, ti mùsùlùmí àti ti onísègùn. Wọ́n bá àwọn èèyàn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mọ́ igi àti irin níbẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó ní kí ìtọ́jú wà láàárín ará ìlú, lẹ́bàá ibi tí aláìsàn ń gbé.